Wọ́n Ní Ìbọn Kò Gba Ìwé Àṣẹ Mọ́ Ní Texas: Ta Ni Wọ́n Sọ Bẹ́ẹ̀ Fún?

Àbúrò ọ̀rẹ́ mi kan, tí ó lọ kàwé gboyè kejì ní ìlú Houston, fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí mi lórí Wáásáàpù lálẹ́ ọjọ́ kan. Òun fúnra rẹ̀ ni ó dúró níbẹ̀ tí ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì di ìbọn ìléwọ́ dúdú kan mú bí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ife ẹ̀yẹ. Mo kọ́kọ́ rò pé ìbọn ìṣeré ọmọdé ni. Nígbà tí mo pè é, ó ní, "Ẹ má mikàn, ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó jẹ́ ọmọ ìlú ibí ló ni ín, ó fẹ́ tà á fún mi ní ẹ̀dínwó. Wọn kì í béèrè ìwé àṣẹ níbí mọ́. Gómìnà ti fọwọ́ sí i láti ọdún 2021."

Òótọ́ ni ohun tí ó sọ nípa gómìnà. Greg Abbott fọwọ́ sí òfin náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021. Ẹni tí ó bá ti pé ọmọ ọdún 21, tí òfin kò sì ka ìbọn níní léèwọ̀ fún, lè gbé ìbọn ìléwọ́ kiri ní Texas láìgba ìwé àṣẹ kankan, ìbáà fi pamọ́ sábẹ́ aṣọ. Gbólóhùn kékeré tí ó wà láàárín ni àbúrò wa fò dá: "tí òfin kò sì ka ìbọn níní léèwọ̀ fún." Físà akẹ́kọ̀ọ́ ni ó gbé wọ Amẹ́ríkà. Òfin ìjọba àpapọ̀ ilẹ̀ náà sì sọ pé ẹni tí ó bá wọlé pẹ̀lú físà onígbà díẹ̀, ìbáà jẹ́ ti akẹ́kọ̀ọ́, ti ìbẹ̀wò tàbí ti iṣẹ́, kò gbọdọ̀ ní ìbọn tàbí ọta ìbọn ní ìkáwọ́ rẹ̀, àfi bí ó bá bọ́ sínú àwọn ìyọsílẹ̀ díẹ̀ tí òfin náà là sílẹ̀. Láti ọdún 2022, ẹ̀wọ̀n ẹ̀ṣẹ̀ náà lè tó ọdún 15. Àwòrán tí ó fi ń yangàn sí mi lórí fóònù lè di ẹ̀rí lọ́wọ́ agbẹjọ́rò ìjọba.

Kì í ṣe òmùgọ̀ ọmọ. Ó ka ìròyìn, ó sì gba ìròyìn náà gbọ́. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé kò sí ẹni tí ó wà níbì kankan lójú ọ̀nà tí yóò bi í léèrè pé, "Ìwọ ńkọ́, ṣé ọ̀rọ̀ yìí kàn ọ́?" Tẹ́lẹ̀, ẹni náà wà. Ìwé àṣẹ ni.

Èrò tèmi nìyí, ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn kí ó bá mi jiyàn: ìwé àṣẹ tí àwọn ìpínlẹ̀ wọ̀nyí gbé kúrò lọ́nà kì í ṣe ẹrù lásán lórí ará ìlú. Ní ti àlejò, ilé ẹ̀kọ́ ni. Ní Texas, ẹni tí ó bá fẹ́ gbà á ní láti jókòó ní kíláàsì fún wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà, kí ó ṣe ìdánwò oníwèé, kí ó sì yìnbọn lójú olùkọ́. Òfin ìpínlẹ̀ náà ka ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́ wọn lẹ́sẹẹsẹ: òfin ìbọn àti ìgbà tí ènìyàn lè fi ipá gba ara rẹ̀ là, bí a ṣe ń lo ìbọn láìpa ara ẹni, bí a ṣe ń parí aáwọ̀ láìsí ìjà, àti bí a ṣe ń tọ́jú ìbọn kí ọwọ́ ọmọdé má baà tó o. Ní Georgia, kò sí kíláàsì rárá, ṣùgbọ́n ènìyàn ní láti lọ sí kóòtù adájọ́ tí ń rí sí ọ̀rọ̀ ogún, kí ó tẹ ìka, kí wọ́n sì wádìí rẹ̀ wò. Bí ó ti wù kí ó kéré mọ, ó jẹ́ ibi tí àlejò ti máa ń dúró níwájú ẹni tí ó mọ òfin. Georgia mú un kúrò ní 2022, Florida ní 2023, Louisiana ní 2024. Nígbà tí ọdún 2024 fi parí, ìpínlẹ̀ 29 ni ó ti gbà kí ènìyàn máa gbé ìbọn kiri láìgba ìwé àṣẹ, láìyọ Vermont sílẹ̀, tí kò béèrè fún un rí láti ìpilẹ̀ṣẹ̀.

Àwa tí a wo fíìmù kábóì ní kékeré lè rò pé bí Texas ṣe rí láti ìgbà ìwáṣẹ̀ nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1871 ni wọ́n ṣe òfin níbẹ̀ tí ó ka gbígbé ìbọn ìléwọ́ kiri léèwọ̀ fún ọ̀pọ̀ jù lọ ará ìlú, ó sì lé ní ọgọ́fà ọdún kí George W. Bush, tí ó jẹ́ gómìnà nígbà náà, tó fọwọ́ sí òfin tí ó dá ìwé àṣẹ sílẹ̀ ní 1995. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n péré ni ìwé àṣẹ fi jẹ́ dandan kí wọ́n tó sọ pé àwọn kò fẹ́ ẹ mọ́. Kódà, àwọn òfin àkọ́kọ́ tí ó gbógun ti fífi ohun ìjà pamọ́ sábẹ́ aṣọ jáde láti Kentucky àti Louisiana ní ọdún 1813, ní ìhà gúúsù tí a mọ̀ sí ilé ìbọn lónìí. Lójú àwọn ènìyàn ìgbà yẹn, ẹni tí ó bá gbé ìbọn rẹ̀ síta gbangba ni ọkùnrin. Ọ̀dàlẹ̀ ni ẹni tí ó bá fi pamọ́.

Ọmọ Nàìjíríà tí ó bá balẹ̀ sí Amẹ́ríkà gbé òye òfin ilé rẹ̀ lọ síbẹ̀, òye náà kò sì wúlò fún un. Nílé níhìn-ín, ọ̀rọ̀ ohun ìjà wà lára ohun tí ìwé òfin ọdún 1999 fi sí ìkáwọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan. Òfin ìbọn tí wọ́n ṣe ní 1959 ni ó ń darí wa láti Badagry dé Maiduguri. Ìdí nìyí tí àwọn gómìnà wa fi dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020, tí ariwo sì ń lọ lórí irú ìbọn tí wọ́n lè gbé, tí a ń fi ìbọn ọdẹ lásán ka igbó mọ́ àwọn tí ó di AK-47 mú. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn. Ohun tí mo ń sọ ni pé òfin kan ṣoṣo ni a mọ̀: ohun tí ó bá jẹ́ ọ̀ràn ní Ìbàdàn, ọ̀ràn ni ní Kánò.

Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ 50 ni ó ní òfin ìbọn 50, òfin ìjọba àpapọ̀ sì tẹ́ lé orí gbogbo wọn bí òrùlé. Ẹni tí ó bá wà ní Houston wà lábẹ́ òfin méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ohun tí ọ̀kan gbà láàyè lè jẹ́ ẹ̀wọ̀n lọ́dọ̀ èkejì. Ẹ wo àpẹẹrẹ kan tí ó máa ń ya àwọn ọmọ ilẹ̀ náà gan-an lẹ́nu. Òfin ìjọba àpapọ̀ ka ìbọn léèwọ̀ ní ìwọ̀n ẹgbẹ̀rún kan ẹsẹ̀ bàtà sí ilé ẹ̀kọ́ èyíkéyìí, ìyẹn bí 300 mítà. Ó yọ ẹni tí ìpínlẹ̀ tí ilé ẹ̀kọ́ náà wà fún ní ìwé àṣẹ sílẹ̀. Nígbà tí ìpínlẹ̀ bá wá sọ pé kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ gba ìwé àṣẹ mọ́, ẹni tí ó gbọ́ràn sí i lẹ́nu, tí ó gbé ìbọn sí àpò tí ó sì ń rìn kọjá níwájú ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àdúgbò rẹ̀, ti rú òfin ìjọba àpapọ̀. Òótọ́ ni pé wọn kì í sáábà torí èyí nìkan gbé ènìyàn lọ sí kóòtù. Ṣùgbọ́n òfin tí wọn kì í sáábà lò ni ó máa ń rántí àlejò lọ́jọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́.

Bí ó ṣe rí ní yunifásítì náà nìyẹn. Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2016 ni Texas ti gbà kí àwọn tí ó ní ìwé àṣẹ máa gbé ìbọn tí a fi pamọ́ wọ inú ọgbà yunifásítì ìjọba. Òfin ọdún 2021 kò fi ẹnu kan àǹfààní yìí: ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ tí ó bá gbé ìbọn wọ inú ilé ẹ̀kọ́ náà ti dá ọ̀ràn ńlá. Akẹ́kọ̀ọ́ ni àbúrò wa, inú ọgbà yunifásítì ni ó sì ń lò jù nínú ọjọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ̀rọ̀ ìrìn àjò, nítorí àwọn ènìyàn wa kì í jókòó sójú kan. Ìgbéyàwó wà ní Maryland lọ́sẹ̀ yìí, ìsìnkú ní New Jersey lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àpéjọ ìjọ ní New York lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú ìpínlẹ̀ mẹ́ta wọ̀nyí tí ó ka ìwé àṣẹ ìbọn ìpínlẹ̀ mìíràn sí. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2013, ìyá kan tí ó ń dá ọmọ méjì tọ́ ní Philadelphia wa ọkọ̀ kọjá odò wọ New Jersey. Obìnrin adúláwọ̀ ni, Pennsylvania sì ti fún un ní ìwé àṣẹ ìbọn. Nígbà tí ọlọ́pàá dá a dúró lórí ọ̀rọ̀ ìwakọ̀, òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ fún un pé ìbọn wà lọ́wọ́ òun, tí ó sì fi ìwé àṣẹ hàn, gẹ́gẹ́ bí ọmọlúwàbí. Wọ́n fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́. Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta àtààbọ̀ ni ó kéré jù tí òfin New Jersey là sílẹ̀ fún irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ariwo tí àwọn ènìyàn pa káàkiri orílẹ̀-èdè ni ó jẹ́ kí wọ́n fi í sínú ètò tí kò ní gbé e dé ẹ̀wọ̀n, Gómìnà Chris Christie sì dárí jì í ní 2015. Ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ni obìnrin yìí. Àwọn tí kò jẹ́ ọmọ ibẹ̀, ta ni yóò pariwo fún wọn?

Plaxico Burress kò rí ẹni pariwo fún un, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìràwọ̀ ni nínú bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá àwọn ará Amẹ́ríkà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2008, ó ki ìbọn bọ ìbàdí ṣòkòtò rẹ̀ lọ sí ilé ijó kan ní Manhattan. Ìbọn náà yọ̀ bọ́, ó sì dún lù ú ní itan. Kò yìnbọn lu ẹnikẹ́ni bí kò ṣe ara rẹ̀. Ìwé àṣẹ Florida tí ó ní tẹ́lẹ̀ ti kú. Bí kò tilẹ̀ kú, New York kò mọ̀ ọ́n. Ọdún méjì ni wọ́n dá fún un ní 2009, lẹ́yìn tí ó ti gbà pé òun jẹ̀bi kí ó má baà gba èyí tí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn kan yóò sọ pé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti fọ́ òfin New York túútúú. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ìdájọ́ Bruen tí wọ́n dá ní oṣù Kẹfà ọdún 2022 fagi lé apá tí ó ní kí ènìyàn kọ́kọ́ fi hàn pé òun ní ìdí pàtàkì tí òun fi fẹ́ gbé ìbọn, ohun tí ó ti wà láti 1913. Kò sọ pé kí ìpínlẹ̀ má béèrè ìwé àṣẹ mọ́. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, New York ti gbé òfin tuntun jáde: kíláàsì wákàtí 16, wákàtí méjì fún ìbọn yíyìn, àti àtòkọ gígùn àwọn ibi tí ìbọn kò gbọdọ̀ wọ̀, tí ọkọ̀ ojú irin abẹ́lẹ̀, ilé ìjọsìn àti Times Square wà lára wọn. Wọ́n ṣàtúnṣe lẹ́yìn náà kí àwọn tí ń ṣọ́ ilé ìjọsìn lè gbé e. Ẹ wá fojú inú wo díákónì kan tí ó ń gbé ìbọn lọ sí ìsìn ní Texas lọ́jọọjọ́ Sunday nítorí ààbò, tí kò sì sí ẹni tí ó bi í. Bí ó bá fi ọkọ̀ rẹ̀ gba ojú títì lọ sí àpéjọ ní Brooklyn, ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ọdún mẹ́ta àtààbọ̀ ni ó gbé sínú àpò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bíbélì.

Òfin ìjọba àpapọ̀ kan wà láti 1986 tí ó ń dáàbò bo ẹni tí ó ń kọjá lọ láti ìpínlẹ̀ tí ó ti lẹ́tọ̀ọ́ sí ìbọn rẹ̀ dé ìpínlẹ̀ mìíràn tí ó ti lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ìbọn náà kò gbọdọ̀ ní ọta nínú, ọwọ́ awakọ̀ kò gbọdọ̀ tó o, bíi kí ó wà nínú búùtù. Ṣùgbọ́n ìkọjá ni òfin náà ń wí. Arìnrìn-àjò kan láti Utah pàdánù ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀ ní Newark ní 2005, ó gba ẹrù rẹ̀, ó sì sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì mọ́jú. Nígbà tí ó padà sí pápákọ̀ òfuurufú láàárọ̀, tí ó sì sọ fún wọn tọkàntọkàn pé ìbọn wà nínú ẹrù òun, wọ́n mú un. Wọ́n jọ̀wọ́ ẹjọ́ náà nígbà tó yá, ṣùgbọ́n nígbà tí ó pe àwọn tí ó mú un lẹ́jọ́ fún ìyà tí ó jẹ ẹ́, ilé ẹjọ́ kò gbè é. Hòtẹ́ẹ̀lì ni ó sọ ọ́nù.

Ọ̀rọ̀ pápákọ̀ òfuurufú tún ní tirẹ̀. Ní ọdún 2023, ìbọn 6,737 ni àwọn aṣàyẹ̀wò rí lára ẹrù àwọn èrò ní ẹnu ọ̀nà àyẹ̀wò káàkiri Amẹ́ríkà, ọta sì wà nínú èyí tí ó pọ̀ jù. Atlanta ni ó ṣíwájú gbogbo wọn. Ìdáhùn tí ọ̀pọ̀ ń fún wọn ni pé àwọn gbàgbé pé ó wà nínú báàgì. Mo gbà wọ́n gbọ́. Ohun tí kò bá ti gba ìwé àṣẹ mọ́ a máa rọrùn láti gbàgbé bí ìṣáná.

Èyí tí mo fẹ́ kí àwọn òbí tẹ́tí sí jù lọ ni ti inú mọ́tò. Ní New York, bí ọlọ́pàá bá rí ìbọn nínú ọkọ̀ aládàáni, òfin fàyè gba ilé ẹjọ́ láti kà á sí pé gbogbo ẹni tí ó jókòó sínú ọkọ̀ náà ni ó ni ín, àyàfi ní àwọn ipò kan, bíi kí wọ́n bá ìbọn náà lára ẹnì kan ṣoṣo. Ní oṣù Kẹta ọdún 1973, ọlọ́pàá dá ọkọ̀ kan tí ó ń sáré jù dúró lójú títì ńlá ìpínlẹ̀ náà. Ọkùnrin mẹ́ta àti ọmọbìnrin ọlọ́dún 16 kan ni ó wà nínú rẹ̀. Ìbọn ńlá méjì yọjú láti inú àpamọ́wọ́ ọmọbìnrin náà. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n dá lẹ́bi. Ẹjọ́ náà lọ títí dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án sì sọ ní 1979 pé ìdálẹ́bi náà dúró. Nítorí náà, ọmọ yín tí kò fọwọ́ kan ìbọn rí láyé, tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan sọ fún pé "wọlé, kí n jù ọ́ sílẹ̀ nílé," lè kan ìbọn nínú ìwé ẹ̀sùn kí ó tó kàn án lójú.

Ìjìyà àwọn ọmọ onílẹ̀ máa ń parí sí ẹ̀wọ̀n. Tiwa kì í parí síbẹ̀. Òfin ìwọlé-wọ̀de Amẹ́ríkà sọ pé àlejò tí ilé ẹjọ́ bá ti dá lẹ́bi lórí òfin ìbọn èyíkéyìí, ìbáà jẹ́ rírà, títà, níní tàbí gbígbé e kiri, ti di ẹni tí wọ́n lè lé padà sílé. Kò ní kí ó yìnbọn lu ènìyàn. Kò béèrè iye ọdún tí ó ti lò. Ẹni tí ó ti gba green card láti ogún ọdún, tí ó ń san owó orí, tí ó ní ilé àti ọmọ mẹ́ta tí wọ́n bí síbẹ̀, wà nínú rẹ̀. Ẹ sì mọ irú àkókò tí a wà yìí, tí ìjọba ibẹ̀ ń fi àtùpà wá ẹni tí yóò lé. Àwọn tí ọkọ̀ òfuurufú ń já sílẹ̀ ní Ìkẹjà pẹ̀lú aṣọ kan lọ́rùn ti pọ̀ tó.

Ẹnì kan lè ní, "Bí mo bá sọ pé n kò mọ̀ ńkọ́?" Ọ̀rọ̀ náà ti dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ rí. Akẹ́kọ̀ọ́ kan láti ilẹ̀ àwọn Lárúbáwá, Rehaif, wọ Florida pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́, yunifásítì rẹ̀ lé e nítorí pé kò ṣe dáadáa, ó sì lọ fi ìbọn dánra wò ní ibi ìdárayá. Ẹ̀wọ̀n oṣù 18 ni wọ́n kọ́kọ́ dá fún un. Ní 2019, àwọn adájọ́ àgbà sọ pé ìjọba gbọ́dọ̀ fi hàn pé ó mọ̀ pé òun kò ní ẹ̀tọ́ láti wà nílùú mọ́. Ohun tí wọ́n ní kí ó mọ̀ ni ipò ara rẹ̀. Wọn kò sọ pé àìmọ òfin jẹ́ àwáwí. Akẹ́kọ̀ọ́ wo ni yóò sọ pé òun kò mọ̀ pé físà akẹ́kọ̀ọ́ ni òun gbé wọlé? Ọ̀rẹ́ tí ó fẹ́ ta ìbọn fún àbúrò wa náà kò bọ́ nínú rẹ̀, nítorí òfin ka títa ìbọn léèwọ̀ fún ẹni tí ó bá mọ̀, tàbí tí ó ní ìdí láti mọ̀, pé ẹni tí òun ń tà á fún kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Bí ó bá jẹ́ ilé ìtajà ni ọmọ náà lọ, wọn ì bá gbé fọ́ọ̀mù fún un tí ó ń béèrè irú ẹni tí ó jẹ́, irọ́ lórí fọ́ọ̀mù náà sì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ fúnra rẹ̀. Irọ́ nípa oògùn olóró lórí fọ́ọ̀mù yẹn wà lára ohun tí wọ́n fi dá Hunter Biden lẹ́bi ní oṣù Kẹfà ọdún 2024. Bàbá rẹ̀ ni ó dárí jì í ní oṣù Kejìlá. Bàbá tiwa kì í ṣe ààrẹ Amẹ́ríkà.

Mo gbọ́ àròyé àwọn tí yóò sọ pé mo ń gbè sẹ́yìn ìwé àṣẹ tí àwọn aláwọ̀ funfun fi ni adúláwọ̀ lára. Wọn kò purọ́. Ní 1865, kété tí ogun abẹ́lé parí, Mississippi ṣe òfin pé ẹrú tí ó di òmìnira kò gbọdọ̀ ní ìbọn tàbí ọ̀bẹ ìjà láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ àgbègbè rẹ̀, a sì mọ irú ènìyàn tí ó jókòó sínú ìgbìmọ̀ náà. Nínú ẹjọ́ Bruen pàápàá, àwọn agbẹjọ́rò tí ń gbèjà àwọn tálákà ní Bronx bá àwọn oníbọn dúró, wọ́n ní àwọn ọmọ adúláwọ̀ ni òfin New York ń kó sẹ́wọ̀n. Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára, mi ò sì ní í fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà láàárín ìwé àṣẹ tí aláṣẹ lè fi du ẹni tí kò bá wù ú, àti kíláàsì tí ẹnikẹ́ni tí ó bá pé ojú òṣùwọ̀n lè san owó rẹ̀ kí ó sì jókòó sí. Èyí àkọ́kọ́ ni Bruen pa. Èkejì ni Texas mú kúrò ní dandan láìsí ilé ẹjọ́ kankan tí ó ní kí ó ṣe bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan tún ń dúró de òfin tí yóò sọ ìwé àṣẹ ìpínlẹ̀ kan di ìtẹ́wọ́gbà ní gbogbo ìpínlẹ̀. Ilé aṣojú-ṣòfin fọwọ́ sí irú rẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2017, ó kú sí ilé aṣòfin àgbà. Wọ́n tún gbé e dìde ní 2025. Kí wọ́n tilẹ̀ fọwọ́ sí i lọ́la, kò ní í sọ ẹni tí òfin àpapọ̀ ti ka ìbọn léèwọ̀ fún di ẹlẹ́tọ̀ọ́.

Èmi kò sọ pé kí àwọn ará wa tí ó lẹ́tọ̀ọ́ sí ìbọn má ní in. Mo mọ̀ wọ́n. Ẹlòmíràn ń ṣọ́ ilé epo títí di ọ̀gànjọ́, ẹlòmíràn ń wa takisí fún àwọn ọ̀mùtí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni adigunjalè ti da ìbọn bò mọ́lẹ̀ rí ní Èkó kí wọ́n tó lọ. Ẹ̀rù tí ó ń bà wọ́n ní ìdí. Ohun tí mo ń bẹ̀ wọ́n fún ni kí wọ́n gba ìwé àṣẹ tí wọ́n ní kò pọn dandan yẹn. Ó ṣì wà ní Texas, 40 dọ́là ni ìpínlẹ̀ ń gbà fún un, owó kíláàsì lọ́tọ̀. Ẹni tí kò tíì di ọmọ orílẹ̀-èdè ibẹ̀ ní láti kọ́kọ́ bá agbẹjọ́rò ìwọlé-wọ̀de sọ̀rọ̀ kí ó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ẹni tí ó bá sì ní físà onígbà díẹ̀, kí ó jìnnà sí i. Wọn yóò sọ fún un pé bí ó bá ti gba ìwé àṣẹ ìṣọdẹ, ọ̀nà ti là. Ìyọsílẹ̀ náà wà nínú òfin lóòótọ́, ṣùgbọ́n afárá tóóró ni, kò sì yẹ kí ẹni tí gbogbo ọjọ́ iwájú rẹ̀ dá lé físà máa fi ẹsẹ̀ dán an wò nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀rẹ́.

Ohun kan ṣì kù tí a kì í fẹ́ gbọ́, ti ilé tọkọtaya. Ẹni tí adájọ́ bá ti pa àṣẹ fún pé kí ó jìnnà sí aya tàbí ọkọ rẹ̀ nítorí ìwà ipá, lẹ́yìn ìgbẹ́jọ́ tí wọ́n fún un láyè láti wá, kò gbọdọ̀ ní ìbọn ní gbogbo àsìkò tí àṣẹ náà bá wà. Ẹjọ́ Rahimi, tí ó ti Texas wá, dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní 2024; mẹ́jọ nínú àwọn adájọ́ mẹ́sàn-án ni ó sọ pé òfin náà tọ́. Ọkùnrin wa tí ó ń rò pé ìjà ilé ni, àwọn mọ̀lẹ́bí yóò báwọn parí rẹ̀, kò mọ̀ pé ìbọn tí ó wà lábẹ́ ìrọ̀rí ti di ẹ̀sùn kejì.

Ìwé àṣẹ kì í sì í ṣe ògùn ìbọn fún àwọ̀ wa. Philando Castile ní tirẹ̀ ní Minnesota. Ní oṣù Keje ọdún 2016, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún ọlọ́pàá tí ó dá ọkọ̀ rẹ̀ dúró pé ìbọn wà lára òun. Ọlọ́pàá náà yìnbọn pa á lójú olólùfẹ́ rẹ̀ àti ọmọdébìnrin tí ó wà lẹ́yìn ọkọ̀. Wọ́n dá ọlọ́pàá náà sílẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Mi ò ní kíláàsì kankan tí mo lè dárúkọ tí yóò wo èyí sàn.

Síbẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá àti àwọn ìjọ wa ní Houston, Atlanta àti Maryland mọ bí a ti ń pe oníṣirò owó wá kọ́ni ní owó orí lóṣù Kẹta. Wọ́n mọ bí a ti ń pe nọ́ọ̀sì wá wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Kí wọ́n pe agbẹjọ́rò kan wá lọ́jọ́ Sátidé kan lọ́dún, kí ó sọ ọ́ ní èdè tí ìyá àgbà tí ó wá tọ́jú ọmọ yóò gbọ́. Ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọba wó, àwọn ni ó kù tí ó lè tún un kọ́.

Àbúrò wa pè mí ní ọjọ́ kejì. Ó ní òun ti pa àwòrán náà rẹ́, òun sì ti sọ fún ọ̀rẹ́ òun pé òun kò rà mọ́. Mo yìn ín. Ó wá dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi, ọkọ̀ rẹ̀ ni a jọ máa ń wọ̀ lọ sí yunifásítì." Mo bi í pé ibo ni ọ̀rẹ́ náà ń gbé ìbọn sí bí wọ́n bá ń lọ. Ó ní iwájú ibi tí òun máa ń jókòó sí ni, nínú àpótí kékeré yẹn. Mo ní kí ó máa wọ bọ́ọ̀sì láti ọjọ́ Monday.